Bọ́tìnì Tab àti àmì kólọ̀nù: àgbéyẹ̀wò irinṣẹ́ build kan

N kò ní sọ̀rọ̀ lórí bí irinṣẹ́ build yìí, tó ń sọ kóòdù di ètò tó ṣeé lò, ṣe yára, nítorí kò sí ẹni tó ń lò ó tí kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì Tab, tó máa ń parí orúkọ tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ, nínú Bash (ètò tó ń gba àṣẹ tí a tẹ sínú tẹ́mínà) ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó bí mi nínú.

Fífi ìrànlọ́wọ́ Tab yìí sórí kọ̀ǹpútà kò le: a ó fi fáìlì kan, tí orúkọ rẹ̀ bá ti àṣẹ irinṣẹ́ náà mu, sínú /usr/share/bash-completion/completions, a ó sì ṣí tẹ́mínà tuntun. Mo tẹ lẹ́tà díẹ̀ àti Tab, àṣẹ náà sì jáde pérépéré. Àmọ́ kólọ̀nù (:) wà nínú orúkọ gbogbo iṣẹ́ tí mo máa ń pè. Mo tẹ app:te, mo tẹ Tab, ohun tó jáde sójú ìlà ni app:app:test. Bí ènìyàn bá sáré tẹ Enter, irinṣẹ́ náà yóò ní òun kò mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kí a má baà ṣì í kọ ló wá ń bá wa ṣì í kọ.

Mo fi ẹjọ́ sun àwọn olùtọ́jú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n lọ máa lo Zsh, ètò mìíràn tó jọ Bash, ó sì ti ẹjọ́ náà pa, bẹ́ẹ̀ Bash ni ìwé ìlò wọn kọ́kọ́ dárúkọ! Èyí dùn mí ju àléébù náà lọ, mo sì tún ẹjọ́ náà ṣí.

Ẹlòmíràn nínú wọn ló wá dá sí i, kò sì bá mi jiyàn rárá. Ó ní kí n tẹ echo "$COMP_WORDBREAKS" kí n fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́. Kólọ̀nù wà níbẹ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé Bash ka kólọ̀nù sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti pín, nítorí náà te nìkan ni ó yọ kúrò, tí ó sì fi odindi app:test rọ́pò rẹ̀. Ìlà méjì ló fi kún fáìlì náà: _get_comp_words_by_ref -n : cur, kí ọ̀rọ̀ náà má baà pín, àti __ltrim_colon_completions "$cur" ní ìparí, tó ń gé app: kúrò lára ohun tó wà nínú COMPREPLY, ìyẹn àkójọ ohun tí Tab lè fi parí ọ̀rọ̀. Bash-completion, àkójọ ìrànlọ́wọ́ Tab fún Bash, fúnra rẹ̀ ló pèsè méjèèjì.

Láti ìgbà náà, inú mi ń dùn bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fi iṣẹ́ tuntun kún fáìlì build mi, Tab ti mọ orúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. N kò lè padà sí títẹ orúkọ gígùn látòkèdélẹ̀ mọ́.

Máàkì mi jẹ́ 2 nínú 5, nítorí pé àtúnṣe náà kò tíì wọ inú ẹ̀dà tí wọ́n ń pín fún gbogbo ènìyàn.