CRADLE VSA: ẹ̀rọ ìfúnpá tó mọ ara aboyún

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfúnpá, èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni wọn kò dán wò lára aboyún rárá kí wọ́n tó gbé e sórí àtẹ. Ewu ńlá nìyẹn. Bí preeclampsia, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ṣe aboyún, bá mú obìnrin, ara á wú, iṣan ẹ̀jẹ̀ á yí padà, ẹ̀rọ tó ń ṣe dáadáa lára ẹlòmíràn á wá máa ka iye tó kéré sí òtítọ́. Ẹni tó yẹ kí wọ́n dá dúró á gba ilé lọ.

Microlife CRADLE VSA, tí àwọn olùwádìí King's College London lọ́wọ́ sí, wà lára ìwọ̀nba tó yege lára aboyún, títí kan àwọn tó ní preeclampsia. Ìdí àkọ́kọ́ tí a fi fọwọ́ sí i nìyẹn.

Apá òkè ni wọ́n ń wé e mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ rọ́bà rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Okùn USB bíi ti fóònù ni wọ́n fi ń cháàjì rẹ̀. Iná àwọ̀ ewé ń sọ pé nọ́ńbà òkè nínú nọ́ńbà méjì ìfúnpá kò tó 140, ti ìsàlẹ̀ kò sì tó 90. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti tó bẹ́ẹ̀, iná ìyeyè á tàn pẹ̀lú ọfà tó kọjú sókè. Ó di 160 tàbí 110, iná pupa dé.

Ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ la fẹ́ràn jù. Ẹ̀rọ náà ń ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń fi nọ́ńbà òkè pín in: bí ìdáhùn bá tó 0.9, ọfà yìí á yọ pẹ̀lú iná ìyeyè; bó bá tó 1.7, pupa ni. Ká ní ọkàn ń lù ní 110, tí nọ́ńbà òkè jẹ́ 100, ìdáhùn jẹ́ 1.1. Kò sẹ́ni tí 100 yẹn máa dẹ́rù bà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbímọ, ọkàn á ti máa sáré kí ìfúnpá tó já wálẹ̀. Agbẹ̀bí tó ti rẹ̀ lè má kíyè sí i bí kò bá sí iná yìí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù kì í ti inú ẹ̀rọ wá. Ẹ fi téèpù wọn apá kí ẹ tó yan aṣọ ìwépá: èyí tó kéré jù á gbé nọ́ńbà sókè, èyí tó tóbi jù á fà á wálẹ̀. Kí obìnrin náà ti tọ̀, kó fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn, kó má sọ̀rọ̀. Ẹ má wé e lórí ẹ̀wù. Bó bá fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, tí ẹ wé apá ọ̀tún tó wà lókè, nọ́ńbà á kéré lásán, nítorí apá náà ga ju ọkàn lọ.

Ẹ̀rọ yìí kò lè yẹ ìtọ̀ wò fún pùrótéènì. Iná àwọ̀ ewé kò sì fagi lé orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, tàbí ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún: irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Fún iná ìyeyè tí ọfà rẹ̀ kọjú sókè, ẹ tún un wọ̀n, ẹ yẹ ìtọ̀ wò. Fún pupa tí ọfà rẹ̀ kọjú sókè, ẹ tún un wọ̀n láàárín ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ti wà ní ìmúrasílẹ̀.

Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2019, láti ibi 10 ní Áfíríkà, Íńdíà àti Haiti, kò lè sọ dájú pé ẹ̀rọ náà ló dín ikú àti gìrì aboyún kù. Kò yà wá lẹ́nu: iná pupa kò lè fún ẹnikẹ́ni ní magnesium sulphate, oògùn gìrì aboyún. Síbẹ̀, kí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí rà á. Ẹni tó fẹ́ máa wọn tirẹ̀ nílé lè lo òmíràn, bí wọ́n bá ti dán an wò lára aboyún. Kó má ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́.