Kámẹ́rà onífíìmù àti kámẹ́rà díjítà: èwo ni kí ẹ rà ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Àwọn ọmọ LAUTECH tó ń gbé Under G kì í jẹ́ kí n sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí: ṣé kí àwọn ra kámẹ́rà onífíìmù tí wọ́n ń rí lórí Instagram ni, àbí kí àwọn kúkú ra díjítà tòkunbọ̀ kí àwọn máa fi ṣe fọ́tò òde? Méjèèjì ló wà nílé mi. Pentax K1000 ni onífíìmù, Nikon D3200 ni díjítà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mẹgapíkísẹ́ẹ̀lì rárá. Ẹni tó ń ta kámẹ́rà á kà á sí yín létí títí tí yóò fi sú yín.

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Tó bá jẹ́ ti kíá-kíá, díjítà ló ni ín: oníbàárà fẹ́ kí fọ́tò ti dé orí WhatsApp òun kí wọ́n tó bu ìrẹsì. Tó bá jẹ́ ti owó ìnáwó, díjítà náà ni, torí fọ́tò 36 ni róólù fíìmù kan ń gbà, owó róólù sì ti di nǹkan tí èèyàn ń rò kó tó yọ. Ti iná ńkọ́? K1000 kò bẹ ẹnikẹ́ni fún iná. Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń lo bátìrì kékeré inú rẹ̀, tí bátìrì bá kú, kámẹ́rà ṣì ń ṣiṣẹ́. (Kì í ṣe gbogbo onífíìmù ló rí bẹ́ẹ̀ o. Canon AE-1 tí gbogbo yín ń wá kiri yẹn, tí bátìrì rẹ̀ bá ti kú, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dáhùn.) Ti ọyẹ́: eruku tó bá kó sínú díjítà nígbà tí ẹ ń pààrọ̀ lẹ́ńsì níta á jókòó sójú kan náà nínú gbogbo fọ́tò, títí ẹ ó fi rí ẹni bá yín nù ún. Ojú tuntun ni fíìmù ń gbé síta ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ni ọ̀rọ̀ ibi tí fọ́tò ń gbé lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà á tán.

Inú káàdì ni ti díjítà ń gbé, ayédèrú káàdì sì kún ọjà. Mo ra ọ̀kan tí wọ́n kọ 64GB sí lára, páálí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹni tó tà á fún mi kì í sì í ṣe ọmọ tó ń kiri ọjà, ó ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ni mo gbé lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sábó. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mi ò rí ohun tó kọ mí lóminú. Bí mo bá ti tẹ kámẹ́rà, fọ́tò á yọ lójú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, kedere. Ìgbà tí mo délé, tí mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, orúkọ fọ́tò pé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àárọ̀ kọ̀, wọn ò ṣí. Àwọn tó ṣí, òkè ni àwòrán wà, ìsàlẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú gbalasa. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ìyá àgbà ti tọwọ́ bọ omi tó fẹ́ fi kan ọmọ lórí. Gèlè ìyá àgbà yọ, iwájú orí wọn yọ, ibi tí ọwọ́ àti omi àti ọmọ yẹ kó wà ti di eérú. Fọ́tò ijó ọ̀sán, níbi tí wọ́n ti ń náwó, òun ló wá mọ́ jù.

Ohun tí àwọn oníjìbìtì yẹn ń ṣe nìyí: wọ́n á mú káàdì tí kò ju 8GB lọ, wọ́n á yí ohun tó ń sọ fún kámẹ́rà padà, kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 64. Kámẹ́rà á gbà á gbọ́. Tí 8 yẹn bá kún, káàdì kò ní pariwo. Ó lè padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ kó máa kọ tuntun lé ti àtẹ̀yìnwá lórí, ó sì lè kàn da tuntun nù. Fọ́tò tí ẹ ń rí lójú gíláàsì lójú ẹsẹ̀, inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde, ìyẹn ni ojú wa kì í fi í tètè là. Mo gbé káàdì náà lọ fún ẹni tó ní òun máa ń yọ fọ́tò tó bá sọnù. Ó gbowó, kò yọ nǹkan kan. Fọ́tò tí wọ́n bá ti kọ òmíràn lé lórí ti lọ nìyẹn. Mo dá owó oníbàárà padà, ṣùgbọ́n bí bàbá ọmọ ṣe ń kí mi ṣì korò síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá máa ra díjítà, kó tó gbé káàdì lọ òde, kó fi ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní H2testw dán an wò lórí Windows. Á kọ nǹkan kún káàdì náà dẹ́nu, á tún padà kà á, á sì sọ iye tó gbà lóòótọ́. F3 ni ti ẹni tó ń lo Mac tàbí Linux. Ó ń pẹ́. Ẹ jẹ́ kó pẹ́, kí jẹnẹrétọ̀ ṣáà má kú. Tí owó bá wà, ẹ ra kámẹ́rà oníhò káàdì méjì, tó ń kọ fọ́tò kan náà sí méjèèjì (D3200 kò ní in). Lẹ́yìn ìyẹn, hard disk kan. Lẹ́yìn hard disk yẹn, òmíràn, torí hard disk náà ń kú.

Inú nẹ́gétíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, ni ti onífíìmù ń gbé. Èyí tí wọ́n ti yà kí wọ́n tó bí mi wà nínú agolo bisikíìtì lọ́dọ̀ bàbá mi. Ẹ gbé e kọjú sí fèrèsé, ẹ ó rí ojú èèyàn. Kò bèèrè kọ̀ǹpútà. Ooru àti ọ̀rinrin ni ẹ máa gbé e jìnnà sí.

Wọ́n á ní, ta ni yóò fọ fíìmù náà? Ìbéèrè gidi ni. Fíìmù aláwọ̀ ń fẹ́ kẹ́míkà C-41, tó gbọ́dọ̀ gbóná ní ìwọ̀n 38 lórí Celsius láìyẹ̀. Tí iná bá lọ láàárín kan, àwọ̀ dàrú. Ibi tí róólù kì í sì í wọlé déédéé, kẹ́míkà ibẹ̀ á ti gbó. Ẹ fi ti aláwọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù. Àmọ́ ti dúdú-àti-funfun, ilé lẹ lè ti fọ̀ ọ́. Balùwẹ̀ ni mo ti ń fọ tèmi, lóru, pẹ̀lú ìró tí mo fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí ìmọ́lẹ̀ má baà yọjú bí mo ṣe ń ká fíìmù sínú táǹkì, ìyẹn agolo kékeré tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀ tí wọ́n fi ń fọ fíìmù. Ìwé kẹ́míkà á ní kí omi wà ní ìwọ̀n 20. Omi kànga wa nínú oṣù kẹta kò mọ ìwé. Ẹ fi omi yìnyín bù ú là, tàbí kí ẹ dín ìṣẹ́jú tó máa lò nínú kẹ́míkà kù, torí omi tó bá gbóná ń yára fọ̀ ọ́. Ẹ fi kílíìpù aṣọ gbé e kọ́. Ó parí.

Ẹni tó bá tún ní fíìmù ti kú, kó rántí pé Kodak fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́ ní 1975, ó wọ kóòtù nítorí gbèsè ní 2012, ó sì ń ṣe fíìmù títí dòní.

Ìdájọ́ mi, láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: tó bá jẹ́ òde ọjọ́ Sátidé lẹ fẹ́ fi jẹun, ẹ ra díjítà, káàdì tí ẹ ti dán wò, hard disk méjì, jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tó ń nu eruku. Tó bá jẹ́ pé fọ́tò ìyá yín àti ti ọmọ yín lẹ fẹ́ kó pẹ́, ẹ ra K1000, róólù kan àti táǹkì.

Kí ẹ tó sanwó K1000, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì. Tí ẹ bá rí òwú funfun wínníwínní níbẹ̀, olú ti hù sí i, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan fóòmù dúdú etí ilẹ̀kùn náà. Tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ á máa wọlé, ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ gbé róólù tó ti bàjẹ́ dání lọ, ẹ fi sínú rẹ̀, ẹ fà á, kí ẹ máa wo kókó tí wọ́n fi ń ká fíìmù padà lápá òsì. Tí kò bá yí bí ẹ ṣe ń fà á, fíìmù ò rìn.