Risífà tòkunbọ̀ tí mo rà l'Ákùúrẹ́: ta ló yẹ kó tú ohùn, òun àbí plẹ́yà?

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lo risífà yìí, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn fíìmù lọ́wọ́ plẹ́yà tó sì ń pín in fún sípíkà, nílé wa l'Ókè-Àró, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí, torí ó ku díẹ̀ báyìí kí n gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi kí n sì bá a fa wàhálà, bẹ́ẹ̀ risífà ò jẹ̀bi nǹkan kan.

Tòkunbọ̀ ni, nítòsí Ọjà Ọba ni mo ti rà á, ₦95,000 pẹ̀lú sípíkà márùn-ún àti wúfà kan tó ń gbé bàsì. Ti Amẹ́ríkà ni, iná 120 volt ló ń lò, ẹni tó tà á sì ti sọ fún mi kí n tó sanwó pé mi ò gbọ́dọ̀ kì í bọ iná ilé láìsí stepdown, ẹ̀rọ tó ń mú agbára iná wálẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an torí iná 230 tiwa yìí ì bá ti jó o kí n tó gbóhùn kankan lẹ́nu ẹ̀. Ẹ ka owó stepdown mọ́ owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná o. Fóònù ló fi dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, orin ń dún gbì gbì, inú mi dùn, mo gbé e, ó di ilé.

Ilé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi wáyà optical, èyí tí iná pupa tíńtín máa ń tàn lẹ́nu ẹ̀ yẹn, so plẹ́yà Blu-ray mi mọ́ ọn, mo ki fíìmù bọ̀ ọ́, sípíkà méjì iwájú àti wúfà nìkan ló ń dún. Mo lọ gbé etí lé sípíkà ẹ̀yìn, kẹ́kẹ́ pa. Mo tú wáyà, mo tún un so, mo gbé tọ̀tún sí tòsì, ọjọ́ méjì gbáko. Lọ́kàn mi mo ti gbà pé òkú risífà ni wọ́n tà fún mi.

Ìgbà tó di Sátidé, àbúrò mi kan tó wà ní FUTA yà kí wa, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan wáyà kankan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú ẹ̀ ná, kí ló kọ síbẹ̀?" PCM ló kọ, àpótí kéékèèké méjì péré ló sì tàn, L àti R. Ó gba rìmóòtù plẹ́yà, ó wọ sẹ́tíńgì ohùn, ó yí PCM tó wà níbẹ̀ sí Bitstream. Ojú risífà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kọ Dolby Digital, àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tàn. Òjò ń rọ̀ nínú fíìmù yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, òjò náà rọ̀ dé ẹ̀yìn àga! Màámi tí wọ́n jókòó yíjú sí fèrèsé, wọ́n ní "Ẹ sáré lọ ká aṣọ tẹ́ ẹ sá síta o."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ohùn mẹ́fà ni wọ́n dì pọ̀ bí ẹrù sínú díìsìkì, iwájú mẹ́ta, ẹ̀yìn méjì, ti wúfà kan, òun ni wọ́n ń pè ní 5.1, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ tú ẹrù yẹn kí sípíkà kọ̀ọ̀kan tó rí tiẹ̀ gbà. Bitstream ni ẹrù tó ṣì wà ní dídì, PCM ni ohùn tí wọ́n ti tú sílẹ̀, ó sì máa ń gba àyè gan-an: ohùn méjì irú ti DVD lè gba bíi 1.5 megabit ní sẹ́kọ́ńdù kan, mẹ́fà á lé ní 4.5, bẹ́ẹ̀ Dolby Digital, ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń di ohùn, kì í kọjá 448 kilobit lórí DVD, kò tó ìdajì megabit kan. PCM ohùn méjì nìkan ni optical lè gbé. Plẹ́yà mi tú ẹrù tán, ó rí i pé ọ̀nà há, ló bá po mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ di méjì. Nítorí náà tó bá jẹ́ optical lẹ ní, ẹ jẹ́ kí risífà tú u, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Àmọ́ nígbà tí mo ra wáyà HDMI, tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, tí àyè ẹ̀ sì fẹ̀ ju ti optical lọ, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Risífà mi ti pẹ́, ó ti wà kí ẹ̀dà HDMI 1.3 tó jáde ní 2006, kò mọ Dolby TrueHD tàbí DTS-HD Master Audio, àwọn ohùn tí wọ́n dì sórí Blu-ray láìjẹ́ kí nǹkan kan sọnù nínú wọn, tí mo bá fi plẹ́yà sí Bitstream, Dolby Digital tàbí DTS lásán ni risífà ń rí gbà. Ṣùgbọ́n ó mọ PCM ohùn mẹ́fà gbà látorí HDMI! Ni mo bá ní kí plẹ́yà tú u, PCM tí mo ti ń bú yẹn ló tún kọ sójú ẹ̀, àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì tàn. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò pọ̀ o, mi ò ní purọ́, àwọn ohùn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ọ pé ó mọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní risífà tuntun tó mọ TrueHD, a yí plẹ́yà láti PCM sí Bitstream síwá sẹ́yìn nílé ẹ̀, mo dijú, mi ò mọ èwo ni èwo, kò sì yà mí lẹ́nu torí ohùn yẹn ò pàdánù nǹkan kan nígbà tí wọ́n dì í, ẹni yòówù kó tú u, nǹkan kan náà ló máa bá nínú ẹ̀. Atmos, irú ohùn Dolby tó lè gba orí òkè wá náà, ló yàtọ̀, ìyẹn risífà ló gbọ́dọ̀ tú u.

Plẹ́yà àtijọ́ tó ní ihò mẹ́fà lẹ́yìn fún wáyà RCA, ihò kan fún ohùn kan, náà wà, mo yá ọ̀kan, kò wù mí. Risífà mi kàn ń gbé ohùn tó bá ibẹ̀ wọlé kọjá bẹ́ẹ̀ ni, kò ṣírò bí sípíkà ṣe jìnnà sí, kò sì kó bàsì lọ fún wúfà, sípíkà kéékèèké mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Àbùkù ẹ̀: ó máa ń gbóná, ẹ má gbé nǹkan lé e lórí. Rìmóòtù ò bá a wá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú ẹ̀, ẹ gbé plẹ́yà àti díìsìkì yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ so ó mọ́ risífà tààrà, ẹ má gba inú tíì-fíì kọjá torí tíì-fíì míì á sọ gbogbo ẹ̀ di ohùn méjì. Kí ẹ sì rí i pé HDMI ẹ̀ ń gba ohùn, àwọn kan wà tó jẹ́ àwòrán nìkan ni wọ́n ń gbé kọjá. Ẹ ka àpótí ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọwó.

Èmi ò gbé tèmi padà mọ́. Sípíkà ẹ̀yìn tọwọ́ òsì ló kù tí mo fẹ́ gbé sókè díẹ̀, àga màámi dí i lẹ́nu.