Èèkù Ọ̀bẹ Àpò: Ìwo Màlúù Tàbí Ìwo Àgbọ̀nrín?

Bí o bá ń kó ọ̀bẹ àpò àtijọ́ jọ, èèkù ni ojú rẹ á kọ́kọ́ lọ sí. Méjì ni mo fẹ́ fi wéra: Laguiole ilẹ̀ Faransé tó ní èèkù ìwo màlúù, àti ọ̀bẹ Sheffield ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní èèkù ìwo àgbọ̀nrín.

Nǹkan bí ọdún 1829 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Laguiole ní abúlé tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ìlú Thiers ni èyí tó pọ̀ jù ti ń jáde. Ṣóńṣó ìwo ni mo máa ń wá, torí ibẹ̀ ló ki dáadáa. Ìyókù ní ihò nínú. Gbé e sí oòrùn: dúdú rẹ̀ á máa yọ́ lọ sínú àwọ̀ oyin, ìmọ́lẹ̀ á sì fẹ́ là á kọjá. Kò sí méjì tó jọra. Àmọ́ èròjà inú èékánná wa náà ló wà nínú ìwo yìí. Atẹ́gùn gbígbẹ lè mú kó súnkì, kó sì là níbi ìṣó. Máa fi òróró pa á, má sì rẹ ẹ́ sómi láéláé.

Egungun ni ti àgbọ̀nrín, ó sì le. Ó máa ń já bọ́ lórí ẹranko náà fúnra rẹ̀, a ò ní láti pa ẹranko ọ̀hún. Ó rí gbágungbàgun bí èèpo igi, kì í yọ̀ lọ́wọ́. Owó ni ìṣòro ibẹ̀: ti àgbọ̀nrín sambar ilẹ̀ Íńdíà làwọn èèyàn ń wá jù, Íńdíà sì ti fòfin de kíkó o jáde láti ìparí àwọn ọdún 1990. Àwọn kan ń fín egungun màlúù kó lè jọ ọ́.

Ìwo màlúù ló wù mí. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi gé nǹkan lójoojúmọ́, kó ra ti àgbọ̀nrín.