Ligature àlòkù: aláwọ ni kí ẹ rà ni, àbí onírin?

Ligature ni ohun tó máa ń di ríìdì (pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n kí fèrè tó dún) mọ́ ẹnu fèrè. Mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, àlòkù ni mo sì ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ni Rovner dúdú tó ti wà lórí saxophone tenor mi láti ọdún 2018. Aláwọ ni mo máa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe awọ ẹran. Èkejì ni Bonade onírin tí mo fi ń fẹ́ clarinet. Ẹ̀kẹta wà nínú dúróà, onírin lòun náà, n kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn. Mo tún yá ligature Vandoren Optimum ọ̀rẹ́ mi lò fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, mo sì dá a padà fún un láìfọ́ (ó ní kí n kọ ìyẹn síbí).

Ọ̀rọ̀ ohùn ni gbogbo olùtajà fẹ́ ká máa sọ. Wọ́n á ní aláwọ ń mú ohùn rọ̀, onírin ń mú un dán, èyí tí wọ́n fi wúrà bò tún wá yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ mi yìí dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, orin kan náà ni mo ń fẹ́. Ó mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì í lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ fowó ohùn ra ríìdì gidi.

Ìwọ̀n ni kí ẹ máa bi wọ́n.

Ẹni tó ta ti inú dúróà yẹn fún mi kọ “tenor” sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé tenor ni lóòótọ́?” Ó ní, “Bọ̀dá mi, tenor pọ́nńbélé ni.” Kò sì purọ́. Tenor ni, àmọ́ ti ẹnu fèrè tenor tí wọ́n fi irin ṣe ni, bẹ́ẹ̀ onírọ́bà líle ni tèmi. Tenor kan náà ni méjèèjì ń bọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ti irin, irú Otto Link onírin, tín-ín-rín, ti rọ́bà líle sì sanra jù ú lọ dáadáa. ₦18,000 ni mo san, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun kì í gba ọjà padà.

Ká ní mo gbà fún Ọlọ́run ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n owó náà ń dùn mí. Mo tú síkúrúù méjèèjì títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n bọ́, mo fi tipátipá ti ligature náà wọlé. Agbedeméjì ló há sí, eyín síkúrúù bíi méjì péré ló dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e lọ ìṣọ́ òru. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, tí orin ìyìn ti gbóná, tí onílù ti bọ́ agbádá, síkúrúù kan fò yọ, ó yí wọ abẹ́ àga, ríìdì sì yẹ̀ kúrò lójú ibi tó wà. Bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù ni fèrè náà ké. Ìyá ẹgbẹ́ akọrin ló yọ mí. Òwú dúdú tí wọ́n fi ń kó irun wà nínú báàgì wọn. Mo fi wé ríìdì mọ́ ẹnu fèrè, mo wé e le, mo so ó, a sì jọ fi ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé n kò dá àrà kankan. Okùn ni wọ́n fi ń di ríìdì mọ́ clarinet kí ligature onírin tó dé, àwọn afunfèrè kan sì wà ní Jámánì tí wọn kò tíì fi okùn sílẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wé e mọ́ ẹnu fèrè yín níbi tí ligature máa ń jókòó sí. Ẹ fi bírò sàmì síbi tí etí rẹ̀ ti pàdé, ẹ fi rúlà wọn gígùn rẹ̀ ní mìlímítà, kí ẹ pín in sí 3.14. Kí olùtajà náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnu fèrè tó ń fi tirẹ̀ lò. Tí kò bá ní ẹnu fèrè kankan nílé, ẹ béèrè orúkọ àti nọ́ńbà èyí tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. “Tenor ni” kì í ṣe ìdáhùn. “Clarinet ni” náà kò tó, torí ẹnu clarinet ti ìlànà Jámánì kéré ju ti Faransé lọ. Bí àbúrò yín bá fẹ́ rà á wá láti Berlin, ẹ fi ìwọ̀n yín ránṣẹ́ sí i kó tó lọ.

Ibi ìwọ̀n yìí gan-an ni aláwọ ti dùn mọ́ mi. Ó máa ń gba ìyàtọ̀ kékeré mọ́ra: bí ẹnu fèrè bá fi díẹ̀ sanra tàbí fi díẹ̀ tín-ín-rín, á tẹ̀ lé e, síkúrúù kan ṣoṣo á sì fà á le. Kì í ṣe pé ó ń nà bíi rọ́bà o, ti saxophone alto kò ní wọ bari (baritone) tó tóbi jù ú lọ. Onírin ò mọ irú ìyẹn. Bí ẹnìkan bá ti jókòó lé e rí, kò ní rí róbótó mọ́, bí ẹ bá sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, ojú ibi tó ti ká á ṣì máa hàn.

Síkúrúù: ẹ ní kí wọ́n ya fídíò bí wọ́n ṣe ń fún un le dé òpin. Bí eyín rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ kò ní rí irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onírin.

Optimum: pẹlẹbẹ mẹ́ta tó ń tẹ ríìdì, tó ṣe é pààrọ̀, ló máa ń bá a wá. Ẹ ní kí wọ́n tò wọ́n jọ sínú àwòrán kan. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ já owó rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀kan péré lèmi lò.

Wúrà tó ti ṣí kò ba ohùn jẹ́, owó tí ẹ máa tà á lọ́jọ́ iwájú ló bà jẹ́. Ti aláwọ, ojú ríìdì máa ń gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Tèmi ní in, ó ṣì ń dì í mú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ kí ẹ tó fẹ́ ẹ, ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Kí n má ṣègbè: fún clarinet, Bonade dára púpọ̀. Daniel Bonade, ọmọ Faransé tó kọ́ àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Síkúrúù rẹ̀ wà lókè, irin gbọọrọ méjì ló ń tẹ etí ríìdì, àárín rẹ̀ sì wà lómìnira. Bí ẹ bá lè fọwọ́ kàn án kí ẹ tó rà á, ẹ rà á. Bí Optimum bá pé, tí owó sì wà, kò burú. Ẹni tó jẹ́ pé àwòrán inú fóònù nìkan ló máa rí kó tó sanwó, kó ra aláwọ. Gbogbo wa náà sì nìyẹn.

Ti inú dúróà ṣì wà nílẹ̀. Mo rí síkúrúù rẹ̀ lábẹ́ àga nígbà tí ilẹ̀ mọ́, eyín rẹ̀ kò sì jẹ. Ẹni tó bá ní ẹnu fèrè tenor onírin, ₦10,000 ni. N kì í gba ọjà padà.