PostgreSQL àbí MySQL: èwo ló ń sọ àṣìṣe inú fáìlì ìṣètò fún yín?

Láàárín PostgreSQL àti MySQL, àwọn ètò tó ń tọ́jú dátà, ọ̀rọ̀ èwo ló yára jù, ẹ ti gbọ́ ọ sú. Ohun tó gba oorun lójú mi ni mo fẹ́ sọ: tẹ́ ẹ bá ní kí sáfà tún fáìlì ìṣètò kà, tí àṣìṣe sì wà níbẹ̀, ta ni yóò sọ fún yín?

MySQL ni mo kọ́kọ́ lò. Mo ṣí my.cnf, fáìlì ìṣètò rẹ̀, mo fi kún max_connections, iye àwọn tó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, mo fi SIGHUP ránṣẹ́, sígínà tí mo rò pé ó ń mú sáfà tún fáìlì kà. Sáfà ò wí nǹkan kan, mo bá lọ sùn. Àṣé SIGHUP kì í mú MySQL ka my.cnf rárá! Àkọsílẹ̀ àṣẹ àwọn aṣàmúlò ló ń tún kà, ó sì ń ti tébù àti lọ́ọ̀gì (fáìlì tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí) pa, ó tún ń ṣí wọn. Ìgbà tó bá ń tan nìkan ló ń ka fáìlì yẹn. “max_conections” ni mo sì tẹ̀, lẹ́tà n kan ṣoṣo dípò méjì. Ó lúgọ dè mí títí di ọjọ́ tá a pa sáfà láti tún un tan: “unknown variable”, ó kọ̀, kò tan. Kì í ṣe pé ìwé ìtọ́ni wọn ò sọ ọ́ o. Abala tó dá dúró fún sígínà ló wà, abala ìṣètò lèmi ń kà.

PostgreSQL ń ka postgresql.conf, fáìlì ìṣètò tirẹ̀, tó bá gba SIGHUP. SELECT pg_reload_conf() náà ń ṣe é, àmọ́ “t” (bẹ́ẹ̀ ni) tó ń dá padà kò ju pé sígínà ti lọ. Mo kọ work_mem (iye mẹ́mọ́rì) = 64MG rí, dípò 64MB, “t” ló ṣì fún mi. Iye àtijọ́ ló ń lò lọ, ó kọ ẹ̀sùn sínú lọ́ọ̀gì. Kẹ́ ẹ tó ránṣẹ́ rárá, ẹ bi í:

SELECT sourceline, name, error FROM pg_file_settings WHERE error IS NOT NULL;

Nọ́ńbà ìlà tí àṣìṣe wà gan-an ló fún mi. Abẹ́ pg_reload_conf, níbi tí ọwọ́ ẹni wà, ni ìwé ìtọ́ni wọn ti dárúkọ pg_file_settings.

Pípa sáfà: sígínà SIGTERM ń pa MySQL; ní PostgreSQL, ó ń dúró kí àwọn tó wà lórí rẹ̀ kúrò, SIGINT ló ń lé wọn.

MySQL náà ti gbìyànjú: láti 8.0.16, mysqld --validate-config ń yẹ fáìlì wò, SET PERSIST, àṣẹ SQL tó ń yí ìṣètò tó sì ń tọ́jú rẹ̀, kì í sì í gba àṣìṣe wọlé, ojú ẹsẹ̀ ló ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ inú SQL lẹ ti ń yí gbogbo nǹkan, kò burú. Tó bá jẹ́ fáìlì lẹ ń tọ́ bíi tèmi, ẹ rántí lẹ́tà n kan ṣoṣo yẹn.