Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ta áàpù phonics lórí WhatsApp o

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Ọmọ mi obìnrin ò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ phonics (kíkọ́ ọmọ láti fi ìró lẹ́tà ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì) níléèwé wọn ni, èmi náà wá ń wá géèmù táá máa fi kọ́ ọ nílé dípò kátúùnù tó ń wò ṣáá. Ni mo bá rí i lórí status ẹnì kan tá a jọ wà nínú grúùpù òbí, ó ní òun ń ta áàpù phonics, ₦5,000 péré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn máa san án títí ayé, pé lórí Play Store oṣooṣù ni wọ́n ń gbowó. Ojú mi wọ̀ ọ́. Mo sanwó, kò pẹ́ rárá tó fi fi fáìlì APK ránṣẹ́, ìyẹn fáìlì téèyàn fi ń gbé áàpù sórí fóònù láìgba Play Store.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura. Fóònù fúnra ẹ̀ kìlọ̀ fún mi pé òun ò mọ ibi tí nǹkan yìí ti wá, ọ̀gbẹ́ni yìí ní kí n má dá a lóhùn, gbogbo kọ́sítọ́mà òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Áàpù tún ní kí n jẹ́ kóun máa ka SMS mi, mo tẹ "Allow", ó ní kí n tẹ nọ́ńbà káàdì ATM mi sí i kóun fi mọ̀ pé àgbàlagbà ni mí, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi bi ara mi, kí ni géèmù A B C fẹ́ fi SMS ìyá ọmọ ṣe? Àmọ́ ọbẹ̀ wà lórí iná, ọmọ ń fa aṣọ mi pé kí n gbé fóònù wá, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Áàpù ọmọdé gidi tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàlagbà ló di fóònù mú, ìṣirò kékeré ló máa bi yín, bíi 3 lọ́nà 7, kì í béèrè káàdì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tíṣà ẹ̀ pè mí, wọ́n ní ta ló ń kọ́ ọmọ yìí nílé. Pé táwọn bá ní kó ka "cat", "kọ̀-à-tọ̀" ló ń pè. Mo wá fetí sí áàpù náà dáadáa, òótọ́ ni, gbogbo kọ́ńsónáǹtì ló ń fi "ọ̀" sí nídìí! Tíṣà ṣàlàyé pé "t" kàn máa ń dún ní ṣóńṣó ahọ́n ni, á sì gé síbẹ̀, tọ́mọ bá ti fi fáwẹ̀lì kún un kò ní lè so ìró pọ̀ di ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìró Gẹ̀ẹ́sì tó bíi 44 nígbà tí lẹ́tà jẹ́ 26, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ "sh" àti "ch" lọ́tọ̀. (Yorùbá tiwa ò ni wá lára tó yẹn, tẹ́ ẹ bá ti fàmì sí i, bẹ́ ẹ ṣe rí i lẹ máa pè é.)

Mo ṣì ń bínú "kọ̀-à-tọ̀" lọ́wọ́ ni alert wọlé lóru, ₦18,000, kò pẹ́ ₦20,000. Bánkì ní nọ́ńbà káàdì ti wà lọ́wọ́ àwọn olè yẹn, OTP (nọ́ńbà ìgbà kan tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i pé èmi ni mò ń sanwó) tó wọ SMS mi, áàpù ló kà á. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ti blọ́ọ̀kì mi kílẹ̀ tó mọ́.

Ẹni tó bá ti ra irú ẹ̀, ẹ pe bánkì yín kí wọ́n ti káàdì yẹn pa, ẹ yọ áàpù náà kúrò, kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ PIN àti password, torí tó bá ṣì wà níbẹ̀, tuntun náà ló máa rí. Tó bá jẹ́ ti Play Store lẹ fi káàdì sí, pé kẹ́ ẹ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fọ́jọ́ díẹ̀, ẹ rántí pé yíyọ áàpù kúrò kì í dá owó oṣooṣù dúró o, inú Subscriptions lórí Play Store lẹ ti máa fagi lé e.

Khan Academy Kids lọmọ mi ń lò báyìí, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó nínú ẹ̀, kò béèrè káàdì rí. Ó ti ń pe "cat" dáadáa, "dog" ló kù tó ṣì ń pè ní "dọ̀-ọ-gọ̀".